Dígí Tí Ọmọ Aránṣọ Sọ

Òórùn tàdáà kì í kúrò nímú ẹni tó bá ti kékeré kéwú ní Ìwó. Èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n pò mọ́ omi àti oje igi, tí wọ́n wá rọ sínú ìgò kékeré tí a ń ki gègé bọ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára wàláà, pákó pẹlẹbẹ tí a fi ń kọ́ kéwú, á máa rùn bí ìdí ìkòkò tó jóná díẹ̀. Bí a bá fọ̀ ọ́ kúrò, omi dúdú á ṣàn gba àgbàlá Àfáà wa kọjá lọ sẹ́yìn ilé, àwọn adìyẹ á máa gbẹ́sẹ̀ sókè kí wọ́n tó kọjá lórí rẹ̀. Ìwọ náà kéwú, o mọ òórùn tí mò ń wí. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti wà ní Ìlú Ọba, ibi iṣẹ́ mi kò sì rùn bí nǹkan mìíràn àfi ọṣẹ àti ìtọ̀ àwọn arúgbó. Síbẹ̀, òórùn tàdáà yẹn á dédé kọ lu imú mi, inú mi á bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í ṣe nítorí Àfáà, kì í sì í ṣe nítorí pàṣán wọn. Nítorí ọmọ aránṣọ ni.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni èmi àti òun nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi ni. Bàbá rẹ̀ ló ń rán bùbá àti ṣòkòtò fún gbogbo ọkùnrin àdúgbò wa, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ wọn la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé àwọn alálàájì lọ sí Mẹ́kà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn yòókù padà, ìyá rẹ̀ kò padà. A gbọ́ pé Jẹ́dà ni ìyá náà dúró sí, pé wọ́n ń bá àwọn Lárúbáwá tọ́jú ilé. Lọ́dọọdún, bí àwọn alálàájì bá ti ń wọ̀lú, ọ̀rẹ́ mi á wẹ̀, á kun àtíkè, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Wọ́n á mú omi sàmúsàmù wá fún un, wọ́n á mú dàbínù wá fún un. Ìyá ni wọn kì í mú wá.

Lọ́dún kan, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n mú wá. Ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá lè kọ lẹ́tà á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, gbogbo agbolé á wá péjọ sídìí rédíò láti gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kí tọmọdé tàgbà, wọ́n kí ọkọ, wọ́n kí àwọn àna, wọ́n wá ní kí ọmọ àwọn kéwú dáadáa, nítorí ọjọ́ tó bá ṣe wòlíìmọ̀ ni àwọn yóò wálé, bó ti wù kó rí. Ọmọ tó bá ka Àlùkùránì parí ni wọ́n ń ṣe wòlíìmọ̀ fún. Wọ́n á fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́, á jókòó níwájú ìlú, á ka kéwú sétí gbogbo ayé. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn títí okùn inú rẹ̀ fi já. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ohùn ìyá á máa gbọ̀n níbi tó já. Kò sí ohun tó ń lé láyé mọ́ ju wòlíìmọ̀ yẹn lọ.

Jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí kí o má baà rò pé mò ń pọ́n ara mi lé: orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ohun tí mo bá fi ọjọ́ mẹ́ta há, ó ti há a sórí kí omi ẹ̀kọ tó hó. Àfáà sì ti sọ pé láàárín àwa ọmọbìnrin, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò jókòó síwájú lọ́jọ́ wòlíìmọ̀ tó ń bọ̀, àwọn yòókù á dúró di ọdún mìíràn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ni. Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n, inú ń bí wọn. Bí wọ́n bá ń bu oúnjẹ fún mi, wọ́n á ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé ló ń ka kéwú báyìí, èmi tí ìyá mi ń gbọ́únjẹ fún, kí ni mò ń fi orí tèmi ṣe. Ẹkún ni mo fi ń jẹ oúnjẹ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Àlàmísì la máa ń fọ wàláà. A ti tò wọ́n ti ara ògiri kí oòrùn lè gbẹ wọ́n, Àfáà ti wọlé lọ rẹjú, a kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ọmọ alápatà, ọmọkùnrin kan tó ga ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ló dá eré sílẹ̀. Ó ní kí kálukú sọ ohun tí òyìnbó yóò ti ṣe jáde nígbà tí a bá fi máa dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ ní mọ́tò á máa fò, pé bó bá ti gbéra ní Ìwó, taya rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀ títí dé Ìbàdàn. Ọmọkùnrin kejì, wọ̀bìà tó máa ń ṣa èérún àkàrà jẹ lórí ẹní, ní wọn á fi iyán àti ẹran ṣe hóró egbòogi. Ẹni tó bá gbé méjì mì ti yó dalẹ́. Èmi ní ẹ̀rọ kan á dé tí yóò máa ka Àlùkùránì fún ọmọdé, ọmọ á kàn gbé e dání ni, a ó sì fi pàṣán Àfáà dáná. A ń fi ara wa rẹ́rìn-ín. Ó wá ku ọmọ aránṣọ.

Ó ń fi ìka fa ilà sórí iyanrìn. Ó ní bí ohùn ìyá òun bá lè wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kó sì dé Ìwó, a jẹ́ pé ojú náà ń bọ̀ lẹ́yìn, kò lè ṣe kó máà dé.

"Dígí kékeré ni, kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ," ó wí. "Màá gbé e dání báyìí, màá máa rí ìyá mi ní Jẹ́dà, wọ́n á máa rí èmi náà, a ó jọ máa sọ̀rọ̀."

Ọmọ alápatà rẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbiri kúrò lórí ẹní. Mọ́tò tó ń fò kò pa á lẹ́rìn-ín o, dígí tí ọmọ á fi wo ìyá rẹ̀ ló pa á lẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé òun nìkan ló ronú nínú wa, àwa yòókù kàn la ẹnu ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní ibì kan tó fẹ́ dé ni ó sọ, ó sì dá mi lójú pé yóò dé ibẹ̀, yóò jókòó síwájú, ìyá rẹ̀ á ti Jẹ́dà wá, ìyá tèmi á sì máa wò mí lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n tà lọ́jà gbàǹjo. Ìlara tó gbé mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Wọ́n ní ọmọ odídẹrẹ́ ni àwa ará Ìwó, ẹnu wa kì í sinmi. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Àfáà jí láti kírun Àsárì, èmi ni mo gbé bútà omi fún wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ni mo kúnlẹ̀ sí, mo ní ẹ̀rù ń bà mí, pé ọmọ aránṣọ sọ fún wa pé òun ní dígí kan tí òun fi ń rí ìyá òun ní Jẹ́dà, pé àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé eré là ń ṣe. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni. Àfáà dá ọwọ́ dúró lẹ́nu ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀.

Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wíwo dígí nílẹ̀ wa. Bí nǹkan bá sọnù, àwọn kan wà tí wọ́n á gbé dígí kalẹ̀, wọ́n á pe àǹjọ̀nnú sínú rẹ̀, wọ́n á ní àwọn rí ojú olè níbẹ̀. Kò sí ohun tí Àfáà wa kórìíra tó o láyé. Ìyá tó bí ìyá ọ̀rẹ́ mi sì ń gbé ní abà kan lọ́nà Kuta, wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Nítorí náà irọ́ mi kò ní láti pọ̀. Àfáà bi mí pé níbo ni dígí ọ̀hún wà. Mo mọ ibi tó wà. Dígí kékeré roboto kan ni, tí àwòrán Kàábà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fi rán àwọn alálàájì sí i. Ó ń fi pamọ́ kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èmi nìkan ló fi hàn. Mo ní ó wà nínú àpò wàláà rẹ̀, ní ìsàlẹ̀, ó fi aṣọ pupa wé e.

Nígbà tí a pé láàárọ̀ Sátidé, Àfáà ní kí ó da àpò rẹ̀ sílẹ̀. Dígí bọ́ sórí ẹní, ó ń tan oòrùn sí gbogbo wa lójú. Mi ò ní í parọ́ mọ́ Àfáà, mo ti parọ́ tó: ẹni burúkú kọ́ ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi í. Ó ní òun sọ pé irú rẹ̀ á dé lọ́jọ́ kan ni. Àfáà ní ta ló sọ fún un pé yóò dé, ta ló mọ ọ̀la bí kò ṣe Ọlọ́run, ìgbà tó sì ń sọ ọ́, ṣé ó fi "bí Ọlọ́run bá fẹ́" sí i. Wọ́n bi ọmọ alápatà, ó ní òun kò gbọ́ dáadáa. Wọ́n bi wọ̀bìà, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá bi mí.

"Ó ní òun ń rí wọn, Àfáà," mo wí.

Ó yíjú wò mí. Kò sunkún, kò ṣépè, ó kàn wò mí bó ṣe máa ń wo ojú wàláà tó bá fẹ́ há ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sórí. Àfáà fi òkúta fọ́ dígí náà, wọ́n ní kó na ọwọ́. Níbi tó ti ń yẹ̀ ẹ́, ẹnu pàṣán bà á lókè ojú òsì, awọ ibẹ̀ là, irun òkè ojú tó wà níbẹ̀ kò sì hù mọ́ títí dòní. Ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n fi fún un ní hàntú mu, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ mímọ́ kúrò lára wàláà, kí ohun tó wọ inú rẹ̀ lè jáde. Mo máa ń rí i tó ń gbé igbá omi dúdú yẹn sẹ́nu, ètè rẹ̀ á dúdú. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó fẹ́ jáde àfi ìyá rẹ̀.

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú wòlíìmọ̀. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jẹ́dà pé kí ìyá má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ wálé ti bàjẹ́. Ìyá kò wá lọ́dún náà. Wọn kò wá lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọn kò wá mọ́ rárá. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi di Onídígí. Bó bá ń lọ pọnmi, àwọn ọmọdé á fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un, àwọn àgbà á ní kó má wo àwọn lójú. Kí ọdún tó yí po, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní Olúpọ̀nnà, ibẹ̀ ló ti ń bá wọn ro oko ẹ̀gẹ́, kò sì fojú kan ilé-kéwú mọ́.

Èmi ni mo jókòó síwájú. Aṣọ funfun tí mo wọ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ ti gé sílẹ̀ fún ọmọ wọn ni, wọ́n kàn dín apá rẹ̀ kù fún mi. Mo gbàgbé níbi méjì, Àfáà rọra fi ẹnu gbé mi, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá mi jó títí gèlè fi tú lórí wọn. Nígbà tí a délé, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó tètè tú àṣírí Onídígí kó tó ran ọmọ àwọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n mú ìborùn kan, wọ́n fi bo dígí ńlá tó wà ní yàrá wọn. Ẹ̀rù dígí bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìyá mi, irọ́ tèmi ló kó o bá wọn. Mo rò pé yóò lọ bó bá pẹ́, kò lọ. Títí mo fi relé ọkọ, mo ní láti ká ìborùn yẹn sókè kí n tó rí ojú ara mi níyàrá wọn.

Ọ̀la tí a ń sọ nígbà yẹn ti dé o. Ọmọ alápatà ń gun ọ̀kadà láàárín Ìwó àti Kuta. Bí kòtò bá ti gbé e sókè, taya rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó gbé sẹ́yìn á máa pe Ọlọ́run. Wọ̀bìà rí ohun tó fẹ́ gbà: àtọ̀gbẹ mú un, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kan, iyán di èèwọ̀ fún un, hóró egbòogi ló ń gbé mì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹ̀rọ tèmi náà dé. Ó wà nínú fóònù àwọn ọmọ mi, ó ń fi ohùn tó dùn ju ti Àfáà lọ ka Àlùkùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn ọmọ mi kò sì lè ka Fátíhà já. Bí mo bá bínú, wọ́n á ní ṣebí ó wà nínú fóònù. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé ẹnìkan jókòó tì wá lọ́jọ́ yẹn tó ń gbọ́, tó wá fi gbogbo ohun tí a sọ ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Ti ọmọ aránṣọ nìkan ló dé gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́: ó jẹ́ dígí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú ń bá ojú sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìlú Ọba níbí, ìyá oníyàá ni mò ń wẹ̀, tí mò ń pa ìtẹ́dìí dà fún. Ìyá tèmi wà ní Ìwó, wọ́n sì ti ń ṣarán. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí wọ́n máa kó ṣíbí pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó wá di pé wọ́n ń bi àbúrò mi ọkùnrin pé ọmọ ta ni. Mi ò lè lọ. Ìwé tí wọn á fi jẹ́ kí n padà wọ ìlú yìí kò tíì jáde. Bí mo bá lọ, mo lọ nìyẹn, àwọn ọmọ mi sì wà níbí. Mo ti wá mọ ohun tó dá ìyá ọmọ aránṣọ dúró sí Jẹ́dà. Àbúrò mi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, kò lè máa jókòó ti ìyá wa lójoojúmọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó pè mí pé òun ti rí obìnrin kan tí yóò máa bá wọn gbé, opó kan tó ti Olúpọ̀nnà dé, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì ní sùúrù. Mo ní kó gbé fóònù fún un kí n rí ojú rẹ̀.

Kí obìnrin náà tó lanu ni mo ti rí òkè ojú òsì rẹ̀, níbi tí irun ti pín sí méjì. Òun náà wò mí, ó wò mí pẹ́, ó gbé fóònù jìnnà díẹ̀, ó tún fà á mọ́ra.

"Ó dé," ó wí.

Àbúrò mi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń sọ. Kò mọ̀ ọ́n rí, wọn kò tíì bí i nígbà tí Onídígí kúrò ládùúgbò. Mo kí i, mo fi ìtìjú bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ọdún méjì kí irú fóònù yẹn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n kú sí Jẹ́dà, ọ̀hún náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹnìkan bá òun mú fọ́tò wọn kan wá, òun kò dá ojú náà mọ̀. Kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì bi mí bóyá ìyá mi máa ń fẹ́ ṣúgà nínú ẹ̀kọ gbígbóná.

Ó wá gbé fóònù síwájú ìyá mi. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀, mo ní ìyá mi, èmi rèé o. Ìyá mi wò mí, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn wọn fi kan ògiri. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e kúrò, pé onídígí ni, pé àǹjọ̀nnú ti gbé ojú ọmọ àwọn wọ̀. Wọ́n já ìborùn orí wọn, wọ́n jù ú bo fóònù. Aṣọ nìkan ni mò ń rí, mo sì ń gbọ́ tí ìyá mi ń ké, tí ọmọ aránṣọ ń rọ̀ wọ́n pé kò sí nǹkan, ó ti lọ. Èmi ló ń wí pé ó ti lọ. Gbogbo ìgbà tí a tún dán an wò, bákan náà ló rí. Ìyá mi gbàgbé orúkọ bàbá mi, wọ́n gbàgbé bí a ṣe ń kírun, wọ́n gbàgbé ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹ̀rù dígí tí èmi dá sílẹ̀ nìkan ni kò kúrò lórí wọn.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ, oríkì mi ni wọ́n fi ń pe ọmọ aránṣọ. Bó bá gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n á ní Àbẹ̀kẹ́ àwọn ti dé. Wọ́n á máa kì í, wọ́n á máa fi ìka pa òkè ojú rẹ̀ níbi tí pàṣán ti là á, wọ́n á bi í pé ta ló ṣe ọmọ àwọn báyìí. Àbúrò mi ló ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní èsì kan náà ni obìnrin náà máa ń fọ̀ ní gbogbo ìgbà: "Mo ṣubú ni, Mà."

Nínú oṣù tó kọjá, wọ́n ní ìyá mi kò jẹun mọ́, pé dókítà ní kí a máa retí. Mo pe fóònù lọ́sàn-án, mo bẹ ọmọ aránṣọ kó jáde sí àgbàlá kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé èmi ni mo lọ bá Àfáà, èmi ni mo yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ po, èmi ni mo sọ ibi tí dígí wà. Ẹkún kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ dáadáa. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," ó wí. "Ìwọ nìkan ni mo fi dígí yẹn hàn."

Kò ní òun foríjì mí, kò sì ní òun kò foríjì mí. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo wá bẹ̀ ẹ́ lóhun kan ṣoṣo. Mo ní òun nìkan ni ìyá mi gbà gbọ́ láyé tí a wà yìí. Kó jókòó tì wọ́n, kó sọ fún wọn pé èmi gan-an ni mo wà nínú fóònù, pé òun ń rí mi, òun mọ̀ mí, kí wọ́n lè wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó lọ. Adìyẹ kan ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó.

"Kí n sọ fún wọn pé mò ń rí ọmọ wọn nínú dígí, pé a jọ ń sọ̀rọ̀?" ó wí. "Mo ti sọ irú ẹ̀ rí ní Ìwó."

Kò pa fóònù. Ì bá pa á, ì bá sàn. Ó gbé mi wọlé, ó da ojú mi dé sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, gbogbo rẹ̀ dúdú. Mo gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n la ẹnu díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá mi, ó ti tínrín: "Àbẹ̀kẹ́." Mo dáhùn láti ibi tí mo wà, mo ní "Mà." Ohùn mìíràn ti dáhùn nítòsí wọn. Ìyá mi bi í bóyá ẹnìkan ṣì wà nínú dígí yẹn. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ní kó sún mọ́ àwọn.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú. Ọmọ aránṣọ ló wẹ̀ wọ́n, tòun tàwọn obìnrin àdúgbò. Àbúrò mi gbé fóònù sókè ní itẹ́ òkú kí n lè rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ funfun di ojú wọn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dúró. Mo ti ń ro ọjọ́ Àlàmísì yẹn láti ìgbà náà, àwa mẹ́rin lórí ẹní, wàláà lára ògiri. A sọ ohun tí yóò dé, a kò mọ ẹni tí yóò dé bá. Ọmọ aránṣọ ní dígí náà á fún òun ní ìyá. Ó fún un lóòótọ́. Tèmi ló fún un.